Ìkòkò Ẹ̀sùú àti Fíríìjì Bọ̀dá Mi

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan wà tí ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá fẹ́ kí ohun inú rẹ̀ dára. Ìkòkò ọtí ni. Lóòótọ́, orí iná ni wọ́n ti ń sè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀, ooru lè di ọ̀tá rẹ̀. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń kápá ooru yìí, láti abẹ́ igi àjàgbọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé inú fíríìjì kan ní Ọ̀yọ́, ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. N kò mu ọtí rí, n kò sì pe akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kankan láti mu ún. Ọgbọ́n ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan ń gbé ní Ọ̀yọ́. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá pinnu láti máa pọn ọtí ọkà bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n láyé àtijọ́, kí ó lè máa tà á fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ó ra fíríìjì àlòkù kan, ó yọ gbogbo pákó àti irin inú rẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì funfun ńlá kan síbẹ̀. Fíríìjì lásán máa ń tutù dé nǹkan bí 4°C, èyí sì ti tutù jù fún ọtí tó ń hó. Nítorí náà, Bọ̀dá so ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní thermostat mọ́ ọn. Bí inú fíríìjì bá ti tutù dé 20°C, ẹ̀rọ náà á pa á; bí ó bá tún gbóná kọjá ibi tí Bọ̀dá fẹ́, á tún un tàn. Ẹ̀rọ náà ní wáyà gígùn kan tí orí rẹ̀ ń mọ bí ibi tí a bá fi í sí ṣe gbóná tó. Bọ̀dá fi í kọ́ sínú fíríìjì lókè, nítòsí ibi tí yìnyín ti máa ń dì.

Ọtí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ sì ń gún imú. Bọ̀dá bínú sí ọkà, ó bínú sí ìwúkàrà, ó bínú sí iná mọ̀nàmọ́ná. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí àṣìṣe náà wà, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀, tí í ṣe ìyá àgbà mi, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. N ó padà sí ohun tí Ìyá àgbà ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ooru fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń sọ omi ọkà di ọtí ni ìwúkàrà. Ohun alààyè tín-ín-tìn-ín ni, ojú lásán kò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ tó sì ń tú jáde níbẹ̀ ló ń mú kí ó hó. Bí ara ẹni tó ń roko ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ ń mú ooru jáde. Ohun tó wà nínú ìkòkò máa ń gbóná ju yàrá tí ìkòkò wà lọ. Bí ó bá tutù jù, ìwúkàrà á sùn. Bí ó bá gbóná jù, á sáré ṣiṣẹ́, á sì máa tú àwọn nǹkan tí kò dùn lẹ́nu jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan kan sì fẹ́ràn ooru gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn bíà nílé ń fẹ́ nǹkan bí 18°C sí 22°C. Ẹ̀yà kejì, tí wọ́n fi ń pọn bíà lager, ń fẹ́ ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 8°C sí 13°C. Ẹni tó bá sì mọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta mọ̀ pé ooru ọ̀sán máa ń kọjá 30°C. Báwo ni àwọn ìyá wa ṣe wá ń pọn ọtí nínú irú ooru báyìí, láìsí fíríìjì, láìsí iná?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè kékeré fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ìkòkò ọtí wà nínú ìtàn bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ògúnlọlá, ọdẹ tó di Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, pa àgọ́ sábẹ́ igi àjàgbọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹ̀sùú. Ìtàn sọ pé obìnrin yìí kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń se oúnjẹ, ó ń pọn ọtí ọkà, ó sì ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ tó wà láyìíká. Bí oòrùn bá mú wọn lóko, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ń wá sinmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu, tí wọ́n sì ti ń gba ìmọ̀ràn. Díẹ̀díẹ̀, ibi ìsinmi di ibi ìpàdé, ibi ìpàdé sì di ìlú. A máa ń sọ ìtàn bí Ògúnlọlá ṣe gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ bá Aláàfin, nítorí láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Ṣùgbọ́n kí ìlú tó ní orúkọ, ó ti ní ibi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí, Ẹ̀sùú sì wà lára àwọn tó mú kí wọ́n máa wá síbẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, lẹ́yìn tí ó ti kú. Kò gbàgbé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí Ẹ̀sùú ṣe mú kí ọtí rẹ̀ tutù, ibi tó gbé ìkòkò rẹ̀ sí, ohun tó ń ṣe nígbà ọyẹ́ àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò rí i nínú ìtàn kankan tí wọ́n kọ́ wa. Àwọn tó ń kọ ìtàn ń béèrè ogun àti oyè. Ta ni yóò béèrè ìkòkò?

Èmi béèrè. Ìyá ìyá àgbà mi ta ọtí ọkà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Ìyá àgbà wà ní kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi Ìyá àgbà léèrè, kò fẹ́ dáhùn. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí àwọn oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dé láti 1855, tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1898. Ìjọ náà kò fẹ́ ọtí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kò sì fẹ́ ẹ. Ìyá ìyá àgbà mi ṣe ìtẹ̀bọmi, ó sì fi iṣẹ́ ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pín àwọn ìkòkò rẹ̀ fún ènìyàn. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù, omi mímu ni wọ́n ń pọn sí i.

"Àkànkẹ́, kí lo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe?" ni Ìyá àgbà bi mí.

Mo ní, "Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ ìjọ ni mí, n kò ní pọn ọtí láéláé. Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ òmùgọ̀ ni ìyá mi ṣe." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Wọ́n á rẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sè é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Títí dé ibi yìí, iná ni ọ̀rẹ́ wọn. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ọgbọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bu ọtí sísè náà sínú àwọn ìkòkò ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ó tutù di òwúrọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mú kí tuntun hó, nítorí inú rẹ̀ ni ìwúkàrà wà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá tíì lè dúró nínú ọtí náà láìjóni, wọn kò gbọdọ̀ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Wọ́n máa ń sọ pé yóò "kú". Wọn kò rí ìwúkàrà rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè kú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tí oòrùn kì í dé, wọ́n á da iyanrìn tútù síbẹ̀, wọ́n á sì ri ìdí ìkòkò mọ́ ọn. Wọ́n á fi aṣọ tútù wé ara rẹ̀. Wọn kì í da gbogbo ọtí sínú ìkòkò ńlá kan ní àsìkò yẹn. Ìkòkò kéékèèké ni wọ́n ń pín in sí. Olùkọ́ físíìsì wa ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi: ohun ńlá kì í tètè tutù, nítorí ooru inú rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí òtútù bá mú lóru, wọ́n á gbé ìkòkò sún mọ́ ààrò tí eérú rẹ̀ ṣì gbóná. Ohun tí thermostat ń ṣe náà nìyẹn: bí ó bá gbóná, mú un tutù, bí ó bá tutù jù, mú un gbóná.

Kí ló dé tí ìkòkò amọ̀ fi lè mú nǹkan tutù? Ihò wà lára amọ̀, ihò tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Omi máa ń gba ibẹ̀ yọ sí ara ìkòkò, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Bí omi bá ti ń fẹ́ lọ, á máa gba ooru lára ìkòkò, bí òógùn ṣe ń mú ara wa tutù. Ìdí nìyẹn tí omi inú àmù fi ń tutù ju ti inú ike lọ. Ní àríwá Nàìjíríà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mohammed Bah Abba lo ọgbọ́n yìí láti ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti nǹkan bí 1995. Ó fi ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ẹ̀fọ́ àti èso inú rẹ̀ kò sì tètè bàjẹ́ mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí rẹ̀. Iyanrìn tútù àti amọ̀ náà ni àwọn ìyá ọlọ́tí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń lò.

Kò yẹ kí a rò pé àwa nìkan ni ooru yọ lẹ́nu. Ní Bavaria, ní Jámánì, bíà máa ń bàjẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ní 1553, olórí ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọntí láti 23 oṣù kẹrin títí di 29 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gbẹ́ ihò ńláńlá sínú ilẹ̀, wọ́n sì ń kó yìnyín inú odò síbẹ̀ nígbà òtútù. Ní 1876, Louis Pasteur ará Faransé tẹ ìwé kan jáde nípa bíà, níbi tó ti ṣàlàyé àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tó ń bà á jẹ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù fún ilé iṣẹ́ ìpọntí kan ní Munich. Ẹ ò rí i pé nítorí ọtí ni ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó bí fíríìjì ilé wa fi wáyé! Ní 1883, Emil Hansen tó ń ṣiṣẹ́ ní Carlsberg, ní Denmark, rí ọ̀nà láti ya ẹ̀yà ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò dára.

Ọgbọ́n yìí wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ní 1949, ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú, ní Èkó. Bíà tútù nínú ìgò, tí adùn rẹ̀ kì í yí padà lónìí àti lọ́la, le ọtí ọkà kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi ìnáwó. Ọtí ọkà kò lè jà fún ara rẹ̀: ọjọ́ méjì péré, ó ti kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe padà yí. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà bálì híhù wọlé láti òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa. Ọkà tí àwọn ìyá ọlọ́tí ń tẹ́ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ inú ìgò. Ọkà padà wálé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe àwọn ìyá ọlọ́tí padà.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí fíríìjì Bọ̀dá. Nígbà tí Ìyá àgbà dé Ọ̀yọ́, ọtí kejì wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ti ń hó. Bọ̀dá fi ayọ̀ ṣí fíríìjì fún un, ó sì fi nọ́ńbà orí ẹ̀rọ hàn án.

"Màmá, ẹ wò ó. 20 ló wà. Kò gbóná rárá."

Ìyá àgbà kò wo nọ́ńbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì. Ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Lẹ́yìn náà ó ní, "Afẹ́fẹ́ tutù, ṣùgbọ́n ara ọtí yìí gbóná. Èwo lò ń tọ́jú nínú méjèèjì?"

Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Orí wáyà Bọ̀dá wà lókè, níbi tí yìnyín ti ń dì. Ibẹ̀ máa ń tètè tutù, ẹ̀rọ á sì pa fíríìjì, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì tó wà nísàlẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọtí tó wà nínú rẹ̀ sì ń mú ooru tirẹ̀ jáde. Bọ̀dá tú wáyà náà, ó fi téèpù lẹ orí rẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì gan-an, ó sì fi aṣọ nípọn bo ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa tàn án jẹ. Ìyá àgbà tún sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ọtí sísè tutù dáadáa kí ó tó gbé e wọ inú fíríìjì. Fún àsìkò tí kò bá sí iná, Bọ̀dá to àwọn píọ̀ wọ́tà tó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì, kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Ọtí kẹta kò kan. Ìyá àgbà kò tọ́ ọ wò. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ nìkan, ó sì mi orí.

N kò fẹ́ sọ pé ìkòkò dára ju fíríìjì lọ. Ìkòkò amọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Bí òjò bá ti ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì kún fún omi, agbára rẹ̀ á dínkù. Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá àgbà mọ gbígbóná àti títutù, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé 20°C ni, kò sì lè jí lóru ní gbogbo wákàtí. Fíríìjì lè ṣe ìyẹn bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n fíríìjì kò mọ ibi tó yẹ kí a fi wáyà sí. Ẹni tó mọ ìyẹn jẹ́ obìnrin tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí Bọ̀dá kò bá ra fíríìjì yẹn, tí ọtí àkọ́kọ́ kò sì bàjẹ́, kò sí ẹni tí ì bá bi Ìyá àgbà léèrè. Ọgbọ́n tó ti wà láti ayé Ẹ̀sùú ì bá bá a lọ, nítorí pé iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọn ti di ohun tí a fi sílẹ̀. A lè fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wa, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọgbọ́n inú rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fi í sílẹ̀. Ọgbọ́n iyanrìn tútù tó wà fún ọtí lánàá lè gba ẹ̀fọ́ àti tòmátì là lónìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé ilé lónìí, ẹ wo ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà yín ohun tó wà nínú rẹ̀ rí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe kí ó má bàa bàjẹ́. Ẹ mú ìwé àti báírò dání. Ìkòkò ìyá ìyá àgbà mi ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi inú rẹ̀ sì tutù.